Aràn Ara Ẹlẹ́ka

Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ kí ẹnì kan tó bá mi jẹ́wọ́ ẹ̀: èmi ni mo kó aràn wọlé. Èmi fúnra mi, pẹ̀lú owó mi, pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Kì í ṣe aràn inú o, ẹ má tíì sá fún mi. Aràn inú omi ni, èyí tó pẹlẹbẹ, tó fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà, tó jẹ́ pé ibi tó bá lẹ̀ mọ́, àwọ̀ ibẹ̀ ló máa mú. Ẹ lè tẹjú mọ́ ọn láti àárọ̀ dalẹ́ kẹ́ ẹ má rí i.

Nílé wa, Rédíò ni wọ́n ń pè mí. Bàámi ló sọ mí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó ṣe mí gbàgbé láti fi bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa á sí i. Ó dáa náà. Ẹ ṣáà gbọ́ Rédíò lónìí, ọ̀rọ̀ ńlá ló gbé wá.

Onígíláàsì ni Bàámi. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi gé gíláàsì fèrèsé, gíláàsì ilẹ̀kùn, gíláàsì orí tábìlì. Wọ́n á kàn fi ìka tọ etí gíláàsì lọ báyìí, wọ́n á ní, "Ó yẹ̀ díẹ̀ níbí." Ẹ̀yin ò ní rí nǹkan kan o. Tẹ́ ẹ bá wá fi rúlà wọ̀n ọ́n, ó yẹ̀ lóòótọ́. Lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, wọ́n kó àwọn gíláàsì tó ṣẹ́ kù níbi iṣẹ́, wọ́n lẹ̀ wọ́n pọ̀ di àpótí ńlá kan sí pálọ̀ wa. Tí mo bá nà gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí yẹn, ó ṣì gùn jù mí lọ. Wọ́n po iyọ̀ òkun mọ́ omi, wọ́n to òkúta sí i, wọ́n gbé iná búlúù sókè ẹ̀, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sin ẹja àti iyùn. Iyùn tí mo wí yìí, ẹ má fọwọ́ kan ọrùn yín o. Èyí tó ṣì wà láàyè ni. Ó ń jẹun, ó ń dàgbà, tí inú ẹ̀ ò bá sì dùn, àwọ̀ ẹ̀ á sọ fún yín.

Olórí gbogbo wọn ni Ẹlẹ́ka. Nígbà tí Bàámi mú un wálé, kò ju orí ọmọńdinrín lọ. Wọ́n fi gúlúù lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta kan tó tó ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́, wọ́n ní, "Ẹsẹ̀ ẹ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa ká ẹ kúrò lórí ẹ̀." Ẹ wá wò ó lónìí: ó ti yọ ẹ̀ka tó lé ní ogójì, ó tẹ́ rẹrẹ bí agbòjò tí wọ́n ṣí, àwọ̀ ẹ̀ ń tàn bí elésè àlùkò. Àwọn tó ń sin iyùn bíi tiwọn máa ń wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gé ẹ̀ka kan fáwọn. Bàámi á ní, "Ẹni tó ń gé nǹkan ní gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀, ó yẹ kó ní ohun kan tí kò ní gé."

Lọ́dún tó kọjá ni ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ríran bàìbàì. Dókítà ní kò ní fọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ohun tó bá kéré ti bọ́ mọ́ wọn lójú nìyẹn. "Ẹni tí kò rí ìlà ò gbọdọ̀ gé gíláàsì," ni wọ́n wí. Wọ́n fi aṣọ wé irinṣẹ́ wọn, wọ́n tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Látìgbà yẹn, ohun tó kù fún ọwọ́ wọn láti ṣe ò ju àpótí pálọ̀ yẹn lọ. Tí wọ́n bá jí, ibẹ̀ ni. Tí wọ́n bá jẹun tán, ibẹ̀ ni.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ra ẹ̀bùn fún wọn nígbà tí ọjọ́ ìbí wọn dé. Iyùn kékeré kan, ìbátan Ẹlẹ́ka, àmọ́ tó jẹ́ àwọ̀ ewé. Wàyí o, òfin kan wà nílé wa: àlejò kì í ti ẹnu ọ̀nà bọ́ sí pálọ̀. Iyùn tuntun gbọ́dọ̀ wẹ omi oògùn, kó sì sun ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú àpótí kékeré tó wà lábẹ́ tábìlì ìránṣọ Màámi. Mo mọ òfin náà. Èmi gan-an ni mo máa ń kà á sí wọn létí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìbí ti ku ọ̀la, mo sì fẹ́ rí ojú wọn nígbà tí wọ́n bá bá a níbẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n sùn lọ́sàn-án, mo lẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹlẹ́ka.

Inú wọn dùn débi pé wọ́n ń kọrin. Wọn ò béèrè bóyá ó wẹ̀. Ta ló máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ka òfin sí i létí?

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, àlejò ti di egungun funfun. Lẹ́yìn èyí, Ẹlẹ́ka bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá. Mo rí àwọn àmì róbótó kéékèèké lára ẹ̀, bí ìgbà tí ẹnì kan bá ń fi ìdí pẹ́ńsùlù tẹ̀ ẹ́. Bàámi ní iná ló le jù, wọ́n dín in kù. Wọ́n ní omi ló gbóná jù, wọ́n mú un tutù. Ẹlẹ́ka ṣáà ń ṣá lọ.

Ni mo bá gba ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá Olómi lọ. Ẹja inú gíláàsì ló ń tà, ọwọ́ ẹ̀ kì í gbẹ láéláé, tó bá bọ̀ yín lọ́wọ́, ẹ máa nílò aṣọ ìnura. Mo nawọ́ fóònù sí i. Ó wo àwòrán Ẹlẹ́ka, ó fẹ̀ ẹ́, ó tún fẹ̀ ẹ́.

"Kí lẹ fi sínú omi yẹn láìpẹ́ yìí?"

Mo dákẹ́.

"Háà, Rédíò! Ṣé wọ́n múná lọ ni?"

"Ẹ̀ka kékeré kan ni, Bọ̀dá."

"Ṣé ó wẹ̀?"

Mo yíjú sí àwọn ẹja ẹ̀.

"Ó ti yé mi." Ó fi ọwọ́ tútù ẹ̀ nu ojú fóònù mi, ó tún wá bà á jẹ́ sí i. "Aràn pẹlẹbẹ ni. Àwọn àmì róbótó yìí, ojú ẹnu wọn nìyẹn. Irú iyùn yìí nìkan ni wọ́n ń jẹ, wọn ò ní wo ojú àwọn tó kù. Gbé e jáde, rì í sínú omi oògùn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó o máa fi síríńjì ńlá fẹ́ omi sí i lára. Wàá rí wọn tí wọ́n á máa já bọ́."

"Tí wọ́n bá ti já bọ́, ó parí nìyẹn?"

"Kí ló parí? Ìyá ni oògùn yẹn lè pa, kò ran ẹyin. Ibi tí ara iyùn bá ti kú ni wọ́n ń yé e sí. Ẹyin á di ọmọ, ọmọ á di ìyá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, Rédíò. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tó o bá fo ẹyọ kan, padà sí ìbẹ̀rẹ̀."

Mo ra oògùn, mo ra síríńjì, mo gbé ẹ̀rù mi relé.

"Aràn kẹ̀?" Bàámi ní. "Ọdún mọ́kànlá, mi ò rí aràn nínú omi yìí rí."

Màámi ò tiẹ̀ gbójú sókè nídìí máṣìnnì wọn. Télọ̀ ni Màámi, yàrá tó kan pálọ̀ ni wọ́n ti ń ránṣọ, etí wọn sì máa ń wà lọ́dọ̀ wa. "Kí lẹ tiẹ̀ ń rí lọ́dún yìí, Bàbá Rédíò? Aṣọ oníbàárà tí mo fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lánàá, ẹ bi í léèrè bóyá oúnjẹ ti jinná."

"Ó jọ ẹ́ ni."

"Aṣọ ọkùnrin ni."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo rántí ẹjọ́ ọrùn mi, mo gbé ẹ̀rín náà mì.

Nígbà tó di Sátidé, mo gbé abọ́ funfun ńlá sórí tábìlì, mo po oògùn mọ́ omi àpótí, mo rọra gbé Ẹlẹ́ka tòun ti òkúta ẹ̀ sínú ẹ̀. Mo ń fẹ́ omi sí i lára. Ìṣẹ́jú kan, kò sí nǹkan. Ìṣẹ́jú méjì. Ni nǹkan kan bá já bọ́ bí ewé tó wọ́, ó ń yí lọ sísàlẹ̀ abọ́. Òmíràn tẹ̀ lé e. Màámi gbé iná ìránṣọ wọn wá, èyí tó ní awò róbótó tó ń sọ abẹ́rẹ́ di ọ̀pá àsíá. A kà á pọ̀: mẹ́tàlélógún.

Bàámi dorí kodò sórí abọ́. "Mi ò rí nǹkan kan."

Mo fi síríńjì fa ẹyọ kan tó ṣì ń mí, mo kán an sójú ìka wọn. Wọ́n di ìka náà mú sókè.

"Ó ń rìn," wọ́n ní, ohùn wọn ti wálẹ̀. "Ó ń rìn lọ́wọ́ mi."

Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni mo jẹ́wọ́. Mo sọ ti àlejò tí kò wẹ̀, mo sọ ti oorun ọ̀sán tí wọ́n sùn, mo sọ gbogbo ẹ̀ láìmí. Mo dúró de èébú. Bàámi nu ìka wọn mọ́ ṣòkòtò.

"Gbé síríńjì yẹn wá," ni wọ́n wí. "Fẹ́ abẹ́ ẹ̀ka ti ẹ̀gbẹ́ yìí, o ò tíì débẹ̀."

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lórí ẹ̀bi mi ò jù báyẹn lọ. Ìgbà tí a dá Ẹlẹ́ka padà sínú omi ni wọ́n wá sọ èyí tó dùn mí wọra. Wọ́n fọwọ́ lé gíláàsì. "Tí èyí bá kú, màá da omi yìí nù, màá ta àpótí ẹ̀. Ẹni tí ò ríran, kí ló fẹ́ fi ìran ṣe?"

"Kò ní kú," mo ní.

"O ti ń búra."

"Mo búra."

Ó di ti Sátidé-Sátidé. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe é. Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ni. Ti àkọ́kọ́, omi oògùn, ibẹ̀ ni mo ti ń fẹ́ ẹ. Ìkejì, omi àpótí tó mọ́, ibẹ̀ ni mo ti ń ṣan án kí oògùn má bàa bá a wọlé. Gbogbo ẹyin tí ojú mi bá rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí ẹ̀, mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha á kúrò. Tí mo bá ti ṣe tán, màá gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì oògùn lọ sí balùwẹ̀, màá dà á nù, màá fọ ọwọ́, màá fọ abọ́. Bàámi á ní, "Lọ fọ abọ́ ẹ, èmi á palẹ̀ ìyókù mọ́."

Mo ń fi ṣọ́ọ̀kì Màámi kọ iye tó já bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì. Mẹ́tàlélógún. Mọ́kànlá. Mẹ́rin. Mo ti ń jó nínú ara mi. Sátidé kẹrin: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo rò pé mo ṣì í kà ni, mo tún un kà. Sátidé karùn-ún: mọ́kàndínlógún.

Mo sáré padà sọ́dọ̀ Bọ̀dá Olómi pé mo fẹ́ fi oògùn kún oògùn.

"Ṣé o fẹ́ pa aláìsàn kí àìsàn lè rí ibi lọ ni?" Ó ń fi àwọ̀n kó ẹja, kò wò mí. "Oògùn ò ní ẹjọ́ kankan. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Wo ilé yín dáadáa."

Sátidé kẹfà, mo gbé abọ́ dé balùwẹ̀, mi ò bá ọṣẹ níbẹ̀. Mo padà wá sí pálọ̀ láti bi Màámi. Ohun tí mo rí rèé: Bàámi gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kejì, omi tí mo fi ṣan Ẹlẹ́ka, wọ́n ń dà á padà sínú àpótí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń bu omi sórí ọmọ ìkókó.

"Bàámi! Kí lẹ ń ṣe?"

"Omi tó dáa ni," wọ́n ní. "Kò sí oògùn nínú ẹ̀. A kì í da omi iyọ̀ nù nílé yìí."

Òótọ́ ni, a kì í dà á nù. Tẹ́ ẹ bá rí bí wọ́n ṣe ń sẹ́ omi yẹn, tí wọ́n ń wọn iyọ̀ ẹ̀, tí wọ́n ń rò ó láti àárọ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀yin náà ò ní dà á nù. Mo gba bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ wọn, mo da ìyókù sínú abọ́ funfun míì, mo fa iná Màámi sún mọ́ ọn. Méje. Aràn méje ń yí gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ nínú omi tó mọ́. Àwọn tí oògùn ti gbọ̀n ṣùgbọ́n tí wọn ò jábọ́ títí wọ́n fi débi omi kejì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Èmi ń kó wọn jáde ní ẹnu ọ̀nà iwájú, Bàámi ń ṣí ti ẹ̀yìn fún wọn.

Ẹ gbọ́, inú bí mi. Mo pariwo. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ ń dá wọn padà! Ojú yín ò ríran, ẹ ò sì béèrè!"

Máṣìnnì tó ń ró ní yàrá kejì dákẹ́ wẹ́.

Bàámi wá etí àga, wọ́n fọwọ́ tì í. "Mi ò ní fọwọ́ kàn án mọ́," wọ́n ní. Wọ́n wọ yàrá wọn, wọ́n rọra ti ilẹ̀kùn. Ká ní wọ́n gbá a mọ́ mi lójú ni, ì bá sàn.

Màámi yọ sí mi, òwú ṣì wà lẹ́nu wọn. Wọ́n yọ òwú náà.

"Nígbà tí ìwọ kó aràn wọlé, kí ni bàbá ẹ sọ fún ẹ?"

"Wọn ò sọ nǹkan kan, mà."

"Wọ́n ní kó o gbé kí ni wá?"

"Síríńjì."

"Hẹn-ẹn." Wọ́n padà sídìí máṣìnnì wọn. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ró. Ariwo ẹ̀ ń sọ fún mi gbogbo ohun tí Màámi ò sọ.

Ọjọ́ kejì, Bàámi ò jáde wá fún ẹja lóúnjẹ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn látìgbà tí mo ti gbọ́njú. Èmi ni mo fún wọn, ẹja ọ̀hún gan-an ń wo ẹ̀yìn mi bóyá àgbà á tẹ̀ lé mi. Mo gbé Ẹlẹ́ka sínú abọ́, mo yí i po, mo wá ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò ṣe rí: mo dojú ẹ̀ dé, mo tan iná awò sí abẹ́ òkúta tó jẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀.

Ihò pọ̀ lára òkúta yẹn bí ihò búrẹ́dì. Nínú ihò kọ̀ọ̀kan, ẹyin. Aláwọ̀ oyin, wọ́n tò sára wọn tímọ́tímọ́, wọ́n ń dán. Mo ki búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́, kò wọlé. Mo ki abẹ́rẹ́ Màámi bọ̀ ọ́, ó dé ọ̀kan, ó fi ogún sílẹ̀. Ibi tí Bàámi fi Ẹlẹ́ka sí lọ́jọ́sí ni ọ̀tá fi ṣe ilé ọmọ. Kí omi kejì ṣíwọ́ ìpadàwọlé nìkan ò tó. Ẹsẹ̀ yẹn gbọ́dọ̀ kúrò.

Mo mú ayùn kékeré. Mo gbé e sídìí ẹ̀. Tí mo bá gé e sókè jù, ara tó wà láàyè ni mo gé, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀, kò ní yè é. Tí mo bá gé e sísàlẹ̀ jù, mo fi ẹyin sílẹ̀. Ìdí ẹ̀ sì dúdú, ó wọ́, gúlúù ọdún mọ́kànlá bò ó. Ojú mi dá ṣáká, mi ò sì rí nǹkan kan.

Mo lọ jókòó sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn.

"Bàámi."

Mo fẹnu mọ́ ilẹ̀kùn.

"Ẹ má bínú. Ohun tí mo sọ lánàá ò dáa. Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe é, ẹ ò sì pariwo lé mi lórí."

"Kí lo fẹ́?" Láti inú.

"Ẹsẹ̀ Ẹlẹ́ka ni mo fẹ́ gé. Ẹyin ló kún inú òkúta yẹn."

"A ò gé e rí."

"Mo mọ̀. Kò sí ọ̀nà míì, Bàámi. Mi ò kàn mọ ibi tí mo máa gé e ni."

"Ẹni tí kò rí ìlà..."

"Kò ní ìlà! Èmi tí mo ríran, mi ò rí i. Kò sẹ́ni tó lè fi ojú rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá fọwọ́ tọ̀ ọ́ wò."

Mo gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì dún. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn. Ilẹ̀kùn ṣí, wọ́n gba orí mi kọjá bí ẹni tí kò rí mi. Bóyá wọn ò tiẹ̀ rí mi lóòótọ́.

Wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n ṣan án, wọ́n ki í bọ inú abọ́. Ìka ìlábẹ̀ wọn rìn lọ sí ìdí Ẹlẹ́ka, ó dúró, ó padà, ó tún lọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe sí etí gíláàsì gẹ́lẹ́.

"Níbí ó ń yọ̀. Ó wà láàyè." Ìka sún díẹ̀. "Níbí ó ń họ. Ó ti kú." Wọ́n fi èékánná tẹ ibì kan, wọn ò gbé e kúrò. "Ìlà nìyí. Gbé ayùn ẹ tì í. Èékánná mi ni rúlà ẹ."

"Màá gé yín lọ́wọ́."

"Gíláàsì ti gé mi ju iye ọ̀rọ̀ tó o ti sọ láyé ẹ lọ. Ó tún pọ̀ o. Gé e!"

"Gé e jàre," Màámi ní. Wọ́n ti dé pẹ̀lú ife, wọ́n ń bu omi iyọ̀ sórí àwọn ẹ̀ka kí wọ́n má bàa gbẹ. "Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta, kì í wo ẹnu àáké."

Mo gé e. Ayùn ń ké, ẹfun ń jáde, omi funfun ń ṣàn sórí ọwọ́ àwa méjèèjì. Bàámi ń yí Ẹlẹ́ka, èékánná wọn ń ṣíwájú, ayùn mi ń tẹ̀ lé e. "Rọra. Má tì í. Jẹ́ kí ayùn fúnra ẹ̀ jẹun." Ó kù díẹ̀, ó kù díẹ̀, kóó! Òkúta já bọ́ sínú abọ́. Ẹlẹ́ka wà lọ́wọ́ Bàámi, ó fúyẹ́, ìdí ẹ̀ funfun báláú, kò sí ẹyin kan níbẹ̀. Mo fi awò yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta.

Mo na ọwọ́ sí òkúta míì pé ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

"Fi ìyẹn sílẹ̀," Bàámi ní. "Òkúta ní ihò."

Wọ́n gbé Ẹlẹ́ka fún Màámi, wọ́n padà wọ yàrá. A gbọ́ nǹkan tó ń wọ́ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Màámi wò mí, èmi náà wò wọ́n. Bàámi jáde pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fi wé irinṣẹ́, wọ́n tú u sórí tábìlì. Wọ́n mú àfọ́kù gíláàsì kan, wọ́n fi ìka wọ̀n ọ́n, wọ́n gbé abẹ irin wọn tì í, krííí, wọ́n ṣẹ́ ẹ. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe déédéé. Wọ́n fi òkúta ìpọ́nrin ha etí ẹ̀ kó má bàa gé ẹnikẹ́ni.

"Gíláàsì ò ní ihò," wọ́n ní. "Kí wọ́n wá yé ẹyin síbẹ̀ ká wò ó."

A lẹ Ẹlẹ́ka mọ́ ẹsẹ̀ tuntun, a sì gbé e lọ sí àpótí kékeré abẹ́ tábìlì Màámi. Àpótí ńlá ò ní iyùn tí aràn lè jẹ mọ́. Kí àwọn tó kù síbẹ̀ máa gbààwẹ̀. Òkúta burúkú yẹn, mo sá a sínú oòrùn títí ó fi gbẹ bí ọ̀rọ̀ ẹni tí kò lẹ́rìí.

Mo pa ìyókù ṣọ́ọ̀kì rẹ́ lára tábìlì, mo bẹ̀rẹ̀ látòkè bí Bọ̀dá Olómi ṣe wí. Sátidé kìíní: mẹ́ta. Ìkejì: òfo. Ìkẹta: ẹyọ kan, kékeré, ó dà bí ẹni pé ó ṣìnà. Mo sunkún díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo tún po oògùn lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e. Òfo. Òfo. Òfo. Mi ò dúró síbẹ̀, mo fi méjì míì lé e, torí mi ò fọkàn tán òfo mọ́. Òfo, òfo. Lára Ẹlẹ́ka, àwọn àmì róbótó yẹn ń dí. Àwọ̀ ń padà bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Lórí àwọn ẹ̀ka, ṣóńṣó funfun kéékèèké yọ, ibi tó ti ń dàgbà nìyẹn. Bàámi máa ń fi ìka kàn wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ka ọmọ ilé ìwé.

Ní Sátidé tí a gbé e padà sí pálọ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ gbé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kan lè fi ọwọ́ kan gbé e. Ó jókòó sí àyè ẹ̀ lórí gíláàsì kékeré yẹn, abẹ́ iná búlúù. Màámi ní ó jọ oníbàárà tí aṣọ ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́ dáadáa.

Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì oògùn lọ dà nù. Nígbà tí mo padà, Bàámi ti di bọ́kẹ́ẹ̀tì kejì mú. Wọ́n gbé e kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ńlá, wọn ò yà síbẹ̀, wọ́n gba balùwẹ̀ lọ, wọ́n ń kùn lábẹ́nu: "Omi dáadáa. Iyọ̀ tí mo fi ọwọ́ ara mi wọ̀n. Ayé yìí."

Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀.

"Rédíò!"

"Sà!"

"Gbé iná màmá ẹ wá. Yẹ omi yìí wò fún mi kí n tó dà á nù."

Mo gbé iná wá, mo kúnlẹ̀ ti bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo wò ó láti etí dé etí, mo wo ìsàlẹ̀ ẹ̀. Kò sí nǹkan kan.

"Òfo ni, Bàámi."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

"Ó dáa," wọ́n ní, wọ́n sì dà á nù gbogbo ẹ̀, wọ́n ń kẹ́dùn títí dé ẹ̀kán ìkẹyìn.